Kíkọ́ ètò tí ń tú àbùdá odidi nọ́ńbà ńlá palẹ̀: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ lórí 2^67 − 1

Ètò kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́, èyí tí ènìyàn yóò tẹ odidi nọ́ńbà kan sínú rẹ̀, tí yóò sì to àbùdá nọ́ńbà náà jáde sójú ewé kan ṣoṣo: àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí ó para pọ̀ di í, iye àwọn olùpín rẹ̀, àròpọ̀ àwọn olùpín náà, iye àwọn nọ́ńbà tí ó kéré sí i tí kò bá a ní olùpín kankan pọ̀ àfi 1, bí a ṣe ń kọ ọ́ ní 0 àti 1, àti iye síkúwéà tí a ní láti rò pọ̀ kí a tó rí i. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà tí ó ju 1 lọ tí ohunkóhun kò lè pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Èyí tí ó bá ju 1 lọ tí kò sì jẹ́ àkọ́kọ́ ni mo ń pè ní àkópọ̀. Àmì ^ ń tọ́ka sí agbára, tí ó fi jẹ́ pé 2^5 dúró fún 2 × 2 × 2 × 2 × 2. Fún nọ́ńbà kéékèèké, kò sí ìṣòro nínú èyíkéyìí nínú iṣẹ́ wọ̀nyí. Ohun tí ó sọ ọ́ di iṣẹ́ àkànṣe ni pé mo fẹ́ kí èsì rẹ̀ ṣeé gbára lé nígbà tí nọ́ńbà náà bá ní díjíìtì ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tí ojú lásán kò ti lè mọ ìyàtọ̀ láàárín èsì tó péye àti èyí tó kàn jọ ọ́.

Nọ́ńbà tí mo yàn láti fi dán ètò náà wò ni 147,573,952,589,676,412,927, tí í ṣe 2^67 − 1. N ni màá máa pè é láti ìsinsìnyí lọ. Ní èrò tèmi, nọ́ńbà tí a ṣà níṣàkúṣà kì í dán irú ètò yìí wò bó ti yẹ, nítorí pé ọ̀nà àbùjá gbogbo ni ó máa ń tọ́ lórí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. N kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe dá a, pé ó jẹ́ agbára 2 tí a yọ 1 kúrò nínú rẹ̀, ló mú kí àwọn àbùjá tí a mọ̀ dunjú máa purọ́ lórí rẹ̀, ó sì ti tan àwọn ènìyàn jẹ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní ọdún 1644, Marin Mersenne, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú gbogbo n tí kò ju 257 lọ, 2^n − 1 jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ nígbà tí n bá jẹ́ 2, 3, 5, 7, 13, 17, 19, 31, 67, 127 tàbí 257. Àkójọ náà kò tọ́ délẹ̀: 61, 89 àti 107 yẹ kí ó wà níbẹ̀, 67 àti 257 kò sì yẹ kí ó wà níbẹ̀. Édouard Lucas ni ó fi hàn ní ọdún 1876 pé N jẹ́ àkópọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà kò sọ ohun tí ó pín in. Ọdún 1903 ni Frank Nelson Cole tó dúró níwájú ìpàdé American Mathematical Society, tí ó ṣírò 2^67 − 1 sójú pátákó, tí ó sì sọ 193,707,721 di púpọ̀ pẹ̀lú 761,838,257,287 ní ẹ̀gbẹ́ kejì, tí èsì méjèèjì sì bára mu. Ìtàn tí àwọn oníṣirò máa ń sọ ni pé kò la ẹnu rẹ̀ títí ó fi jókòó.

Nítorí náà, mo ti mọ ìdáhùn tí ètò mi gbọ́dọ̀ mú wá. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ibi tí yóò ti ṣìnà kí ó tó débẹ̀.

Ibi tí a ń pa nọ́ńbà mọ́ sí

JavaScript ni mo fi kọ ètò náà. Irú nọ́ńbà tí èdè yìí ń lò bí a kò bá sọ ohun mìíràn fún un máa ń fi bíìtì 53 péré (bíìtì kan jẹ́ àyè fún 0 tàbí 1 kan) pa díjíìtì mọ́, èyí tí ó túmọ̀ sí pé láti 2^53, tí í ṣe 9,007,199,254,740,992, sókè, kì í ṣe gbogbo odidi nọ́ńbà ni ó ní àyè tirẹ̀ mọ́. Nísàlẹ̀ 2^67 gan-an, àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà kan tí ó ṣeé pa mọ́ àti èkejì rẹ̀ jẹ́ 16,384. N kò ní àyè kankan níbẹ̀. Nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ wọlé, nọ́ńbà tó sún mọ́ ọn jù lọ ni ó ń bọ́ sí, ìyẹn 2^67 fúnra rẹ̀.

Mo jẹ́ kí ẹ̀dà àkọ́kọ́ ètò náà ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ rí irú ewé tí yóò tẹ̀ jáde. Ewé náà dára lójú, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan níbẹ̀: ó ní nọ́ńbà náà jẹ́ 147573952589676410000, pé 2 nìkan ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀, àti pé olùpín rẹ̀ jẹ́ 68. Gbogbo èyí jẹ́ òótọ́ nípa 2^67, yàtọ̀ sí díjíìtì ìparí tí ó sọ di òdo nígbà tó ń kọ ọ́ jáde. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ òótọ́ nípa N, tí kò tilẹ̀ ṣeé fi 2 pín. Irú àṣìṣe yìí léwu ju èyí tí ó ń dá ètò dúró lọ, nítorí pé ohun gbogbo tí ó tẹ̀lé e bára wọn mu.

Bíìtì 64 pàápàá kò tó, nítorí pé nọ́ńbà tí ó tóbi jù lọ tí ó lè gbé ni 18,446,744,073,709,551,615, N sì fi díẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀ lọ. Mo gbé gbogbo ìṣirò lọ sórí BigInt, irú odidi nọ́ńbà mìíràn nínú JavaScript tí kò ní ààlà bẹ́ẹ̀, mo sì ṣe é ní òfin pé ọ̀rọ̀ tí olùlò tẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá lọ́dọ̀ nọ́ńbà lásán rárá: láti inú àwọn àmì díjíìtì ni a ti ń sọ ọ́ di BigInt tààrà. Ìdánwò tí mo kọ fún apá yìí kò gùn. Ètò náà gbọ́dọ̀ kọ N ní 0 àti 1, kí ó sì rí 1 mẹ́tàdínláàádọ́rin tí ó tò léra wọn láìsí 0 kankan láàárín wọn.

Ìdánwò bóyá nọ́ńbà jẹ́ àkọ́kọ́

Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá olùpín, ó yẹ kí ó mọ̀ bóyá olùpín wà láti wá. Ọ̀nà tí ó yá jù lọ ti ọ̀dọ̀ Pierre de Fermat wá: bí N bá jẹ́ àkọ́kọ́, tí a sì mú nọ́ńbà a tí N kò pín, nígbà náà tí a bá fi N pín a^(N−1), àṣẹ́kù gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Àṣẹ́kù mìíràn jẹ́ ẹ̀rí pé N jẹ́ àkópọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń kọ irú ètò yìí máa ń fi 2 ṣe a, nítorí pé ìṣirò rẹ̀ rọrùn fún kọ̀ǹpútà.

Lórí N, 2 ni ẹlẹ́rìí tí ó burú jù lọ tí ènìyàn lè pè. Nítorí pé 2^67 jẹ́ N + 1, àṣẹ́kù rẹ̀ nígbà tí a bá fi N pín in jẹ́ 1, agbára 2 sì ń padà sí 1 ní gbogbo ìgbésẹ̀ 67. N − 1 wá jẹ́ 2^67 − 2, èyí tí 67 pín láìṣẹ́kù, nítorí pé 67 fúnra rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí ó ń pa òfin Fermat mọ́. Ó di dandan nígbà náà pé kí 2^(N−1) fi àṣẹ́kù 1 sílẹ̀, yálà N jẹ́ àkọ́kọ́ tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdánwò Miller àti Rabin, tí ó le ju ti Fermat lọ, ṣubú sínú ọ̀fìn kan náà bí a bá fi 2 nìkan ṣe é, nítorí pé 67 tún pín ìdajì N − 1, tí í ṣe 2^66 − 1. Ètò tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé 2 yóò gbà pẹ̀lú Mersenne.

Mo fi 3 rọ́pò 2, N sì jáwọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n pípàrọ̀ ẹlẹ́rìí kan sí òmíràn kì í ṣe àtúnṣe, nítorí pé nọ́ńbà kan wà fún ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan tí yóò tàn án jẹ. 3,215,031,751, tí í ṣe 151 × 751 × 28,351, la ìdánwò náà já pẹ̀lú 2, 3, 5 àti 7 lápapọ̀. Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ni èsì tí a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò sí àkópọ̀ kankan tí ó kéré sí 318,665,857,834,031,151,167,461 tí ó lè la ìdánwò náà já pẹ̀lú gbogbo nọ́ńbà àkọ́kọ́ méjìlá láti 2 dé 37. N wà lábẹ́ ààlà yẹn. Bí ètò bá ti lo méjèèjìlá, ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe àbá mọ́ fún nọ́ńbà tí ó wà lábẹ́ ààlà náà.

Fún àwọn nọ́ńbà tí ó rí bíi 2^n − 1, mo tún fi ìdánwò Lucas kún un, bí D. H. Lehmer ṣe tún un ṣe lẹ́yìn náà, nítorí pé ó dùn láti kọ, ó sì jẹ́ ẹlẹ́rìí tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ti ìṣáájú. A bẹ̀rẹ̀ láti 4. A sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, a yọ 2 kúrò, a fi 2^n − 1 pín in, a sì mú àṣẹ́kù. A ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà n − 2. Fún n tí ó jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí ó ju 2 lọ, bí èyí tí ó kẹ́yìn bá jẹ́ 0, nọ́ńbà náà jẹ́ àkọ́kọ́. Bí kò bá jẹ́ 0, àkópọ̀ ni. Fún 127, tí í ṣe 2^7 − 1, a rí 4, 14, 67, 42, 111, lẹ́yìn náà 0. Fún 2,047, tí í ṣe 2^11 − 1, ìparí rẹ̀ jẹ́ 1,736, ó sì bá a mu, nítorí pé 2,047 jẹ́ 23 × 89. Fún N, ìgbésẹ̀ 65 péré ni, kò sì parí sí 0. Ọ̀nà yìí kò sì sọ olùpín kankan fún wa, gan-an gẹ́gẹ́ bí kò ṣe sọ fún Lucas.

Wíwá àwọn olùpín

Apá yìí ni ó gba àkókò jù, nítorí pé gbogbo ìlà tó kù lórí ewé àbùdá dúró lé e lórí. Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè ronú kàn ni kí a máa fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pín N títí a ó fi rí èyí tí kò ní àṣẹ́kù. Bí a bá fo gbogbo èyí tí 2 pín, 96,853,860 nọ́ńbà ni a ó dán wò kí a tó dé 193,707,721. Èyí ṣeé ṣe fún kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n orí rere N ni olùpín rẹ̀ kékeré fi wà níbẹ̀ yẹn: gbòǹgbò síkúwéà N ju bílíọ̀nù 12 lọ, ibẹ̀ sì ni ìwákiri náà ìbá parí sí bí olùpín méjèèjì bá sún mọ́ra.

Bí N ṣe rí tún lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. Bí n bá jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí ó ju 2 lọ, nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí ó bá pín 2^n − 1 gbọ́dọ̀ jẹ́ 2kn + 1, níbi tí k jẹ́ odidi nọ́ńbà, àṣẹ́kù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 tàbí 7 nígbà tí a bá fi 8 pín in. Fún 67, èyí túmọ̀ sí 134k + 1, àwọn k tí 4 bá sì pín tí ó ṣẹ́ku 0 tàbí 1 nìkan ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. 193,707,721 wà níbi tí k ti jẹ́ 1,445,580, iye tí a ó dán wò kí a tó débẹ̀ sì jẹ́ 722,790, tí í ṣe ọ̀kan nínú 134 iye ti ìṣáájú. Nígbà tí mo rí bí ètò ṣe ń fò kọjá láàárín àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn ni mo tó lóye ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó gba Cole ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ Sunday, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ròyìn pé òun fúnra rẹ̀ sọ.

Síbẹ̀, ètò tí ó dá lórí 2^n − 1 nìkan kì í ṣe ohun tí mo ń kọ́. Fún nọ́ńbà gbogbo, mo lo ọ̀nà méjì tí John Pollard gbé jáde láàárín àwọn ọdún 1970. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a ń pè ní p − 1. Èrò rẹ̀ ni pé bí p bá jẹ́ olùpín N tí ó jẹ́ àkọ́kọ́, tí p − 1 sì pín nọ́ńbà ńlá kan tí a pè ní M, nígbà náà p pín a^M − 1. Bí a bá wá wá olùpín tí ó tóbi jù lọ tí a^M − 1 àti N jọ ní, p yóò jáde síta. A máa ń fi gbogbo agbára àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí kò ju ààlà kan lọ ṣe M. Nínú ètò mi, 3,000 ni ààlà náà.

N bọ́ sí ọ̀nà yìí lọ́wọ́ bíi pé a ṣe é fún un. 193,707,720 jẹ́ 8 × 27 × 5 × 67 × 2,677, nítorí náà gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju 3,000 lọ. Ṣùgbọ́n 2 tún dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìtànjẹ rẹ̀. Bí a bá fi 2 ṣe a, nígbà tí 67 bá ti wọ inú M, gbogbo N ni ó pín 2^M − 1, kì í ṣe p nìkan, olùpín tí a ó sì rí ni N fúnra rẹ̀, èyí tí kò wúlò fún ohunkóhun. Ìtọ́sọ́nà tí a sábà máa ń rí ni pé kí a dín M kù bí èyí bá ṣẹlẹ̀. Mo fara mọ́ ọn fún àwọn nọ́ńbà mìíràn, ṣùgbọ́n níbí a kò lè yọ 67 kúrò nínú M, nítorí pé ó wà nínú p − 1 fúnra rẹ̀. Nínú ètò mi, bí N bá jáde lódidi, a ó kọ́kọ́ pààrọ̀ a, a ó sì wá dín M kù bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́. Pẹ̀lú 3, 193,707,721 jáde kí ọwọ́ tó kúrò lórí bọ́tìnì.

Ọ̀nà kejì ni rho. A ń mú nọ́ńbà kan, a ń sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, a ń fi 1 kún un, a ń fi N pín in láti mú àṣẹ́kù, títí tí méjì nínú wọn yóò fi bára mu ní ti p kí wọ́n tó bára mu ní ti N. Iye ìgbésẹ̀ tí ó ń gbà sábà máa ń sún mọ́ gbòǹgbò síkúwéà p, tí í ṣe bí 13,918 níbí, òun ni mo sì fi ṣe ààbò fún ìgbà tí p − 1 bá kùnà.

Ewé àbùdá

Lẹ́yìn tí olùpín méjèèjì bá ti wà lọ́wọ́, tí ìdánwò ẹlẹ́rìí méjìlá sì ti jẹ́rìí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ àkọ́kọ́, ìyókù kò ju ìlà kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan lọ. N ní olùpín mẹ́rin. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 147,573,953,351,708,377,936. Àwọn nọ́ńbà tí ó kéré sí N tí kò bá a ní olùpín pọ̀ àfi 1 jẹ́ 147,573,951,827,644,447,920. Bí a bá yọ N fúnra rẹ̀ kúrò nínú àwọn olùpín rẹ̀, àròpọ̀ èyí tó kù jẹ́ 762,031,965,009 péré, tí kò tó N rárá. Nígbà tí a bá fi 8 pín N, àṣẹ́kù rẹ̀ jẹ́ 7, nítorí náà a kò lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àròpọ̀ síkúwéà mẹ́ta, mẹ́rin ni ó ń fẹ́. Joseph-Louis Lagrange ti fi hàn ní ọdún 1770 pé mẹ́rin tó fún odidi nọ́ńbà èyíkéyìí.

Mo kọ̀ láti fi àwọn ìlà bíi bóyá a lè ka díjíìtì rẹ̀ sẹ́yìn sí i, nítorí pé irú rẹ̀ kò sọ ohunkóhun nípa nọ́ńbà ju bí a ṣe kọ ọ́ lọ. Àròpọ̀ díjíìtì nìkan ni mo jẹ́ kí ó dúró, nítorí pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti N jẹ́ 109, tí ó ń fi àṣẹ́kù 1 sílẹ̀ nígbà tí a bá fi 9 pín in; ti àwọn olùpín rẹ̀ jẹ́ 37 àti 64, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú ń fi 1 sílẹ̀, 1 × 1 sì jẹ́ 1. Pẹ̀lú 11, àṣẹ́kù àwọn olùpín jẹ́ 9 àti 8, èyí tí ìsọdipúpọ̀ wọn, 72, fi 6 sílẹ̀, 6 náà sì ni N fi sílẹ̀.

Àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí ó wá látinú iye méjì tó gùn jù lórí ewé náà. Fún nọ́ńbà tí ó jẹ́ ìsọdipúpọ̀ nọ́ńbà àkọ́kọ́ méjì tí ó yàtọ̀ síra, àròpọ̀ olùpín àti iye àwọn tí kò bá a ní olùpín pọ̀ gbọ́dọ̀ para pọ̀ di 2N + 2. N + 1 jẹ́ 2^67 níbí, nítorí náà àròpọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 2^68 láìsí àléébù. Ètò rò wọ́n pọ̀, ó rí 295,147,905,179,352,825,856, nígbà tí ó sì kọ ọ́ ní 0 àti 1, ó jẹ́ 1 kan ṣoṣo tí 0 méjìdínláàádọ́rin tẹ̀lé.

Ibi tí agbára ètò náà mọ

Mo wá tẹ èkejì nínú àwọn tí Mersenne fi kún àkójọ rẹ̀ láìtọ́, 2^257 − 1, tí ó ní díjíìtì 78. Ìdánwò Lucas sọ kíákíá pé àkópọ̀ ni. Títẹ̀lé 514k + 1 kò wúlò, nítorí pé olùpín àkọ́kọ́, 535,006,138,814,359, wà níbi tí k ti ju bílíọ̀nù ẹgbẹ̀rún kan lọ. Rho rí i lẹ́yìn ìdúró gígùn, bí ènìyàn ṣe lè retí nígbà tí gbòǹgbò síkúwéà rẹ̀ ju mílíọ̀nù 23 lọ. Ó dúró síbẹ̀, nítorí pé olùpín tí ó tẹ̀lé e ní díjíìtì 25.

Mo fi ọwọ́ tẹ àwọn méjì tó kù tí a ti mọ̀ tipẹ́, 1,155,685,395,246,619,182,673,033 àti 374,550,598,501,810,936,581,776,630,096,313,181,393, kí ètò náà lè sọ wọ́n di púpọ̀ kí ó sì yẹ̀ wọ́n wò. Ìsọdipúpọ̀ náà tọ́. Ṣùgbọ́n olùpín kejì ti kọjá ààlà ẹlẹ́rìí méjìlá. Mo ní láti fi 41 kún wọn, èyí tí ó gbé ààlà náà dé 3,317,044,064,679,887,385,961,981. Ẹ̀kẹta kọjá ìyẹn náà. Nítorí náà mo pín ọ̀rọ̀ tí ewé máa ń sọ sí méjì: «àkọ́kọ́, a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀» fún èyí tí ó wà lábẹ́ ààlà, àti «ó jọ àkọ́kọ́» fún èyí tí ó kọjá rẹ̀. Ẹ̀rí tó péye fún ẹ̀kẹta yóò gba ọ̀nà Pocklington, tí ó nílò kí a kọ́kọ́ tú nọ́ńbà tí ó fi 1 kéré sí i palẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Ẹ̀ka yẹn ni mo ń kọ lọ́wọ́ báyìí. Títí yóò fi parí, ìlà iye olùpín 2^257 − 1 yóò máa kà pé 8, pẹ̀lú àmì ìbéèrè lẹ́yìn rẹ̀.